Ẹni Tí Ó Mọ Ibi Tí Ààlà Wà

 

Ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá dá Ifá lọ́dọ̀ mi ní Òdìgbó. Kò wá nítorí iṣẹ́, kò wá nítorí aya. Ó ní òun ní ọ̀rẹ́ kan láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ọ̀rẹ̀, wọ́n sì jọ ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì Ṣàgámù sí Benin. Láti ọdún tí òun ti tẹfá ni ọ̀rẹ́ yìí ti ń sọ fún òun pé iná ọ̀run ni òun ń lọ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe Ìṣẹ̀ṣe náà sì sọ fún un pé ẹni tí ó bá ń pe Èṣù ní Sátánì kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọmọ awo, pé kí wọ́n tètè pín irinṣẹ́, kí oníkálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Ohun tí ó bi mí kò ju gbólóhùn kan lọ: "Bàbá, ṣé kí n já a jù sílẹ̀?"

Ó yọ̀ǹda kí n sọ ọ́ fáyé gbọ́, bí n kò bá ti dárúkọ òun. Mo dá a lóhùn lọ́jọ́ náà bí ọpọ́n ti wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Kì í ṣe ìbéèrè tirẹ̀ nìkan. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olórìṣà tí wọ́n jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ìdí nìyí tí mo fi fi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ṣe ọ̀rọ̀ olóòtú lóṣù yìí. N kò ní ki ẹsẹ̀ Ifá kankan níhìn-ín o. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ mọ ibi tí ọpọ́n wà.

Ẹni tí ó bá ń wọ ọkọ̀ láti Èkó lọ sí Benin tàbí sí Onitsha mọ Ọ̀rẹ̀ wa dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń dúró kí èrò lè jẹun, kí wọ́n sì na ẹsẹ̀. Lára pátákó ojú títì, orúkọ ìlú náà kò ní àmì kankan, lẹ́tà mẹ́ta péré ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ìlú ọ̀rẹ́ ni àwọn ń lọ. Èmi a sì dá wọn lóhùn pé ẹni tí kò bá fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ ni yóò máa rò pé gbogbo ẹni tí òun bá pàdé lójú ọ̀nà ni ọ̀rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó oṣù fún mi lé lórí díẹ̀. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe "rẹ́" ni "ọ̀rẹ́" ti jáde; a máa ń sọ pé ènìyàn méjì rẹ́, tàbí pé ẹnì kan ń bá ẹnì kan rẹ́. Ibẹ̀ náà ni "ìrẹ́pọ̀" ti wá. Ṣùgbọ́n "rẹ́" mìíràn wà tí ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí rárá, èyí tí ó wà nínú "rẹ́ni jẹ" àti "ìrẹ́jẹ". N kò sọ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n; ìró ni ó pa wọ́n pọ̀, ìtumọ̀ kò pa wọ́n pọ̀. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti lọ́rẹ̀ẹ́ rí mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni ìrẹ́pọ̀ àti ìrẹ́jẹ ń gbà wọlé tọ ènìyàn. Ẹni tí a kò fọkàn tán kò lè rẹ́ wa jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo "kòríkòsùn". Odindi gbólóhùn ni: bí kò bá rí ẹnìkejì rẹ̀, kò ní sùn. Àwọn baba wa kò fi owó wọn ọ̀rẹ́, wọn kò fi ọ̀rọ̀ dídùn wọ̀n ọ́n. Oorun ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò gbọ́ mọ́: olùkù. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni olùkù. Ní ìpínlẹ̀ Delta, ní àwọn ìlú bíi Ugbodu àti Ukwu-Nzu ní ìjọba ìbílẹ̀ Aniocha North, àwọn ènìyàn kan wà láàárín àwọn tí ń sọ Igbo, tí èdè tiwọn jẹ́ ọmọ ìyá Yorùbá gbangba. Olùkùmi ni wọ́n ń pe èdè náà, Olùkùmi ni wọ́n sì ń pe àwọn tí ó ni ín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ọ̀rẹ́ mi". Títì tí ó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá yìí náà ni ènìyàn yóò tọ̀ dé Benin kí ó tó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mélòó nínú wa tí ń pariwo ìṣọ̀kan ọmọ Odùduwà ni ó ti yà kí wọn rí?

Ní òdìkejì òkun, Lucumí ni wọ́n pe àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, Lucumí náà ni wọ́n sì ń pe èdè tí àwọn olórìṣà ibẹ̀ fi ń kí òrìṣà títí di òní. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé "olùkù mi" ni orúkọ yìí. Àwọn mìíràn tọ́ka sí Ulkumi, orúkọ ilẹ̀ kan tí àwọn òyìnbó ti kọ sórí àwòrán ilẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, kí Ọ̀yọ́ Ilé tó fọ́, kí àwọn ènìyàn wa tó kún Kúbà. Èmi kò lè búra fún ọ̀kankan nínú méjèèjì. (Ní Freetown, orúkọ tí wọ́n sọ wá dájú ju èyí lọ: Aku ni wọ́n pè wá, nítorí pé "ẹ kú" kì í kúrò lẹ́nu wa.) Ohun tí ó dá mi lójú ni pé bí orúkọ kò tilẹ̀ ti inú ọ̀rẹ́ wá, ẹ̀sìn náà ti inú ọ̀rẹ́ yè. Àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ẹrú kan náà a máa pe ara wọn ní carabela ní Kúbà. Malungo ni wọ́n ń pè é ní Brazil. Ní Jamaica, wọ́n ka ẹni tí a jọ wọ ọkọ̀ sí ọmọ ìyá ẹni débi pé kí àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn di èèwọ̀. Ẹ rò ó wò. Ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ta ìyá rẹ̀ sí, tí kò ní gbọ́ oríkì ilé baba rẹ̀ mọ́ láé, ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni ó di ẹbí rẹ̀.

Nílé níhìn-ín, ẹbí ni ó ń gbé òrìṣà. Ilé Ṣàngó wà lọ́tọ̀, ilé Ọ̀ṣun wà lọ́tọ̀, ọmọ a sì máa jogún ohun tí baba bọ. Ní Kúbà, ẹbí ti fọ́. Ẹni tí ó mọ orò Ṣàngó pàdé ẹni tí ó mọ orò Yemọja, ọ̀kan kọ́ èkejì, èkejì sì kọ́ ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí wọ́n bá ṣe lórìṣà níbẹ̀ fi ń gba òrìṣà mélòó kan pọ̀ ní ọjọ́ kan náà, tí ó fi ń ya àwọn àgbà wa lẹ́nu bí wọ́n bá gbọ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n kọ́ ara wọn yìí, ìlú wọn kò pọ̀, àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ lè jẹ́ ọmọ ìlú tí ó ń gbógun ti ara wọn kí wọ́n tó kó wọn.

Ó yẹ kí n sọ èyí tí ojú èmi fúnra mi rí.

Awo ni bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà jẹ́ àgbà nínú ìjọ alásọ funfun kan. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, a máa gba iwájú ilé wa kọjá pẹ̀lú sùtánà rẹ̀, láìwọ bàtà, bàbá mi a sì wà nídìí ọpọ́n. Wọ́n á kí ara wọn, wọ́n á bú ara wọn díẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. N kò gbọ́ ọjọ́ kan tí ọ̀kan pe èkejì síbi ìjọsìn tirẹ̀. Àáró ni wọ́n jọ ń ṣe. Bí wọ́n bá ro oko bàbá mi lónìí, tirẹ̀ ni wọ́n á ro lọ́la, kò sì sí ẹni tí ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà ìkórè, àwa ọmọ ilé méjèèjì ni à ń jọ fọ́ kòkó, tí à ń jọ sá a, tí à ń jọ sáré kó o bí òjò bá ṣú.

Bàbá mi kú. Ìjọ bàbá yìí kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ yọjú síbi ìsìnkú nítorí orò awo. Ó wá. Ó gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé, ó jókòó sẹ́yìn, kò jẹ nínú ẹran ètùtù, ẹnikẹ́ni kò sì fi lọ̀ ọ́. Ó wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ní ọdún kejì, gbèsè ilé ìwòsàn ń lé wa, a sì fẹ́ ta apá kan nínú oko náà. Ìwé kò sí. Pèrègún tí wọ́n gbìn sí ààlà ti jóná nínú iná ọ̀gbẹlẹ̀ kan tipẹ́tipẹ́. Àwọn ọmọ bàbá yìí, àwọn tí a jọ fọ́ kòkó, ti ń sọ fún ẹni tí ó fẹ́ rà á pé títí dé ìdí ìrókò ni tiwọn. A ní kí a lọ pe bàbá wọn. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e dé oko. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọ̀pá tọ ilẹ̀, ó ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ó dé ìdí ìrókò, ó kọjá. Ó dé ibi tí àwa gan-an rò pé ààlà wà, ó kọjá sí inú oko ara rẹ̀. Ó dúró níbi òkúta kan tí koríko ti bò, ó ní, "Ibí ni. Èmi àti Awo la jọ gbé e sílẹ̀." Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ fi ìbínú bi í léèrè lójú gbogbo wa pé ṣé òkú kèfèrí ni ó ń jẹ́rìí fún. Ó ní, "Òkú ọ̀rẹ́ mi ni."

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ awo ti mọ ibi tí mo ń lọ. Ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí oko wọn pààlà wà lẹ́nu gbogbo wa. Wọ́n ti mulẹ̀ pé àwọn kò ní jà láé. Èṣù dé fìlà tí apá kan rẹ̀ dúdú, tí apá kejì rẹ̀ pupa (àwọn mìíràn ní funfun), ó gba orí ààlà kọjá, ó kí tọ̀tún, ó kí tòsì. Nígbà tí wọ́n pàdé, ọ̀kan sọ̀rọ̀ ọkùnrin onífìlà dúdú, èkejì ní pupa ni, ọ̀rọ̀ sì di ìjà àjàkú. Láti ìgbà tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi orúkọ Èṣù túmọ̀ Sátánì nínú Bíbélì Yorùbá ni wọ́n ti ń fi ìtàn yìí ṣe ẹ̀rí lòdì sí i pé ọ̀tá ọ̀rẹ́ ni. Àwa náà, níbi tí a ti ń gbèjà rẹ̀, a máa yára sọ pé wọn kò rúbọ fún un ni ó fi fìyà jẹ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jìn ju ẹbọ lọ. Èṣù kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àwọ̀ méjì ni fìlà náà ní lóòótọ́. Ẹni tí ó rí dúdú rí òtítọ́, ẹni tí ó rí pupa rí òtítọ́. Ohun tí ọ̀kankan wọn kò ṣe ni kí ó bi ara rẹ̀ pé níbo ni ọ̀rẹ́ mi dúró sí nígbà tí ó rí i? Wọ́n ti fi ìmùlẹ̀ rọ́pò ìbéèrè yẹn. Bàbá olókúta wa kò bá bàbá mi mulẹ̀, ó kàn mọ ibi tí bàbá mi máa ń dúró sí.

Ọ̀rẹ̀ ti rí ìjà tí ó tóbi ju ti àgbẹ̀ méjì lọ. Ní ọjọ́ 9 oṣù Ògún ọdún 1967, ọmọ ogun Biafra ré odò Ọya kọjá, wọ́n gba Benin, wọ́n sì ń bọ̀ wá sí Èkó. Ọ̀rẹ̀ níhìn-ín ni wọ́n dé tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ fi dá wọn dúró, títí di òní ni Yorùbá sì ń fi ìjà Ọ̀rẹ̀ wé ohun tí ó bá le. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá, ni ó ṣáájú àwọn tí wọ́n ń bọ̀ náà. Ojukwu tí ó tú u sílẹ̀ látìmọ́lé tí ó sì fi ogun lé e lọ́wọ́ ni ìjọba rẹ̀ pa á ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún kan náà, pẹ̀lú Ifeajuna, Alale àti Agbam, lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀. Ọdún náà ni wọ́n ti Wọlé Ṣóyínká mọ́lé nítorí ìrìn tí ó rìn lọ sí ìlà-oòrùn, tí kò sì jáde títí di 1969. Ọdún náà ni Christopher Okigbo kú sójú ogun lẹ́bàá Nsukka. Òun àti Ṣóyínká wà lára àwọn tí wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1961. Ọdún mẹ́fà péré ni ó wà láàárín méjèèjì.

Ní ọdún tí ó ṣáájú èyí, ní ọjọ́ 29 oṣù Agẹmọ, Adékúnlé Fájuyì ọmọ Adó-Èkìtì gba Aguiyi-Ironsi lálejò ní Ìbàdàn, wọ́n sì jọ pa wọ́n ní Lálúpọn. Àwọn kan ń jiyàn títí di òní bóyá àyè wà fún un láti yẹra. Èmi kò bá wọn jiyàn náà. Àlejò rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìlú rẹ̀, ibì kan náà ni a sì ti rí òkú àwọn méjèèjì.

Ní tiwa, ẹ má bínú sí ohun tí n óò sọ yìí. Àwa oníṣẹ̀ṣe ti ní ẹgbẹ́ púpọ̀. A ní ẹgbẹ́ ìlú, ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀, ẹgbẹ́ orí fóònù. Ní gbogbo ọjọ́ 20 oṣù Ògún, a ń wọ aṣọ funfun, a ń ya àwòrán, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan ní ilẹ̀ Yorùbá sì ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi nítorí Ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ó dára bẹ́ẹ̀, a sì jà fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbà awo kan dùbúlẹ̀ àìsàn ní agbègbè wa ní ọdún tí ó kọjá, owó wọlé láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ bí ìrì, àdúrà wọlé láti Amẹ́ríkà àti Brazil. Ní òru, aládùúgbò rẹ̀ kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ni ó ń sùn sórí ẹní lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀, tí ó ń gbé e lọ sílé ìyàgbẹ́. Mo wà lára àwọn tí wọ́n fi owó ránṣẹ́. Mo lọ kí i lẹ́ẹ̀mejì, n kò sùn níbẹ̀.

Nípa ìmùlẹ̀, mo fẹ́ kí a ṣọ́ra. Fíìmù ti sọ ọ́ di ohun ẹ̀rù, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ti sọ ọ́ di ọ̀nà àtilówó. Wọ́n á pàdé lórí fóònù lónìí, wọ́n á ní kí n mulẹ̀ fún àwọn lọ́la. N kì í ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà kò fara sin: mímu ni, ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ tí ó ti rí bí ẹ ṣe ń bá ara yín gbé ni ẹ ń pè ní ẹlẹ́rìí. Bí kò bá tíì rí nǹkan kan láàárín yín, ẹ̀rí kí ni yóò jẹ́?

Mo padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mi. Mo bi í pé nígbà tí ó wà nínú igbódù, ta ni ó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù? Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni. Mo ní owó ọjọ́ wọ̀nyẹn ńkọ́? Ó ní ó kó ìdajì fún òun láìku kọ́bọ̀, ó tilẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Lẹ́yìn èyí ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ṣùgbọ́n èébú tí ó ń bú Èṣù ń dun òun. Mo ní kí ó sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ gan-an, pé ó ń dun òun, kí ó má fi iyàn Bíbélì àti Ifá bò ó mọ́lẹ̀. Mo tún ní bí ọ̀rẹ́ náà bá gbọ́, tí kò dẹ́kun, tí ó wá di ẹni tí ń fọwọ́ kan ìkin rẹ̀ tàbí tí ń lé àwọn oníbàárà nítorí rẹ̀, kí ó pín irinṣẹ́ láì jà. Ọ̀rẹ́ kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n kí ó má fi ẹnu ẹgbẹ́ kọ ọ̀rẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ kò sí ní ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ méje yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, búrẹ́kì ọkọ̀ mi ń dún, mo sì yà sọ́dọ̀ wọn ní Ọ̀rẹ̀. Orin ìyìn ń lọ lórí rédíò. Ọ̀kan wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Èkejì ń na irinṣẹ́ sí i, ìdè Ifá wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ó ti dúdú fún ọ́ìlì. Nígbà tí wọ́n parí, ọ̀kan ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà, èkejì ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Mo san mẹ́fà, mo wọnú ọkọ̀, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ẹgbẹ̀rún kan tí ó lé.